Kí O Tó Yọ Háàdì Láàpùtọ́ọ̀pù Ìyá Rẹ

Ilé wa ní Crusher,
Lọ́kọ́ja.

Modúpẹ́ mi, àkọ́bí mi,

Òkun o, ọmọ mi. Mo kí ọ kú iṣẹ́ tuntun, mo kí ọ kú ilé tuntun tí o gbà sí Kàbbà. Ara mi le díẹ̀. Orúnkún ni kò jẹ́ kí n rìn dáadáa mọ́, ooru ìlú yìí náà kò sì fún ẹnikẹ́ni ní ìsinmi. Má torí ìyẹn dààmú.

Ní ọjọ́ Àìkú tó kọjá, o pè mí lẹ́yìn ìsìn. O ní láàpùtọ́ọ̀pù tí ìyá rẹ fi sílẹ̀ ti ń lọ́ra jù, pé tí o bá tàn án, o lè wẹ̀ kí o sì wọṣọ tán kí o tó rí ohun tí o fẹ́ ṣí. O ní ó ti wá ń dún kẹ́-kẹ́-kẹ́ nínú. O ní ẹnìkan tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe nítòsí yín sọ pé kí òun yọ háàdì àtijọ́ inú rẹ̀ tó ń kó nǹkan pamọ́ sí, kí òun fi SSD, irú háàdì ìgbàlódé, sí i, pé yóò máa ṣí wàràwàrà bí tuntun. O wá bi mí léèrè pé, “Bàbá, ṣé kí n ṣe é, àbí kí n kàn ra òmíràn?”

Mo ní, “A ó máa sọ ọ́,” mo sì pa fóònù. O fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ lẹ́yìn náà pé, “Bàbá, ṣé mo ṣẹ̀ yín ni?” Rárá o, ọmọ mi, o kò ṣẹ̀ mí. Ọ̀rọ̀ kan ló wà nínú mi. Ó ti lé ní ogún ọdún tí mo ti ń gbé e kiri, mi ò sì lè sọ ọ́ lórí fóònù. Ìdí nìyí tí mo fi jókòó kọ ọ́.

Jẹ́ kí n kọ́kọ́ dáhùn ohun tí o bi mí. Ṣe é. Fi SSD sí i. Ṣùgbọ́n má ṣe é kí o tó ka lẹ́tà yìí dé ìparí.

Èkíní, yẹ gbogbo ara ẹ̀rọ náà wò ná. Bí ìdè tó so ojú rẹ̀ mọ́ ìdí bá ti já, tàbí tí bátìrì rẹ̀ ti wú, tàbí tí ráàmù rẹ̀ tó fi ń gbé iṣẹ́ kéré tí kò sì sí àyè láti fi kún un, SSD kò ní sọ ọ́ di ọ̀dọ́. Ra òmíràn nígbà náà. Ṣùgbọ́n mo mọ ẹ̀rọ yẹn. Ìyá rẹ kì í lò ó nílòkulò. Ó máa ń fi aṣọ ìnura bò ó nítorí eruku ọyẹ́, kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé tíì sún mọ́ ọn. Ìdè rẹ̀ le, bọ́tìnnì rẹ̀ pé, ráàmù rẹ̀ sì tó fún irú iṣẹ́ tí o fẹ́ fi ṣe. Háàdì rẹ̀ nìkan ló ti rẹ̀. Nínú háàdì àtijọ́, nǹkan kan wà tó ń yí bí àwo, nǹkan mìíràn sì wà tó ń rìn lórí rẹ̀ láti kà á. Ibẹ̀ ni ariwo yẹn ti ń wá. SSD kò ní ohunkóhun tó ń yí nínú, òun ló jẹ́ kó máa yára. Nítorí náà, òótọ́ ni ẹni yẹn sọ fún ọ.

Ẹ̀rù tó ń bà mí wà níbòmíràn. Èmi náà ti fẹ́ kí ẹ̀rọ yára rí.

Nígbà tí o wà ní jẹ́lé-ó-sinmi, akọ̀wé ni mí ní ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń tọ́jú èsì ìdánwò ní ilé ẹ̀kọ́ gíga kan. Mi ò ní dárúkọ ilé ẹ̀kọ́ náà, nítorí èmi ni mo ṣe ohun tí mo fẹ́ sọ yìí. Kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo ló wà ní ọ́fíìsì wa, èmi nìkan ni mo sì mọ̀ ọ́n lò. Ìyẹn ń gùn mí. Olùkọ́ á mú ìwé máàkì wá, mà á tẹ̀ ẹ́ sínú kọ̀ǹpútà, mà á sì ju ìwé náà sínú iná tí a fi ń sun pàǹtírí lẹ́yìn ilé. Àwọn àgbà ọ́fíìsì á ní kí n dá ìwé sí. Mà á fi wọ́n rẹ́rìn-ín, mà á ní ayé ìwé ti kọjá.

Lọ́dún kan, bí èsì àwọn tó wà ní ọdún àṣekágbá ṣe fẹ́ jáde, ẹ̀rọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í lọ́ra bí ìgbín. Ọ̀gá mi ń béèrè orúkọ àwọn tó yege láràárọ̀. Mo gbé ẹ̀rọ náà lọ sí Gadumo, sọ́dọ̀ ọkùnrin kan tí gbogbo wa ń pè ní Ínjíníà, ọmọ Ebira, onísùúrù èèyàn. Ó yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní àfi kí òun nu inú rẹ̀ mọ́ pátápátá, kí òun sì fi ètò tuntun sí i.

Ó wá bi mí pé, “Ọ̀gá, ohun tó wà nínú rẹ̀, ṣé ẹ ti kó gbogbo rẹ̀ pamọ́ síbòmíràn?”

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Ó tún wò mí lójú. “Oga, you sure?”

Mo bínú. Mo ní ṣé èmi ni ó fẹ́ kọ́ níṣẹ́ mi? Mo ní kí ó ṣe kíá.

Dísíkẹ́ẹ̀tì kan wà nínú dúróà mi lóòótọ́, ìyẹn pẹlẹbẹ tí à ń kó nǹkan pamọ́ sí láyé ìgbà yẹn. Mo ti kó èsì sínú rẹ̀, ṣùgbọ́n mi ò ṣí i wò rí láti mọ̀ bóyá ohun tí mo kó wà níbẹ̀. Ẹ̀rọ náà padà dé, ó ń ṣí wàràwàrà. Inú mi dùn. Mo ki dísíkẹ́ẹ̀tì bọ̀ ọ́. Apá kan ṣí, apá kejì kò ṣí. Mo yọ ọ́, mo fẹ́ atẹ́gùn sí i lára, mo tún kì í bọ̀ ọ́. Bákan náà. Modúpẹ́, òtútù mú mi nínú ooru Lọ́kọ́ja.

Fún ọjọ́ mẹ́rin ni mo ń lọ bá àwọn olùkọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, mo ń purọ́ pé ọ̀gá fẹ́ fi ìwé wọn wé tèmi. Ọlọ́run ṣàánú mi, èyí tó pọ̀ jù ní ẹ̀dà lọ́wọ́. Mo tún gbogbo rẹ̀ tẹ̀. Ó wá ku orúkọ kan. Ọmọbìnrin kan wà tó dá ṣe ìdánwò kan ní gbọ̀ngàn kejì nítorí pé gbọ̀ngàn àkọ́kọ́ kún. Ìwé tirẹ̀ dá wà lọ́tọ̀ ni. Olùkọ́ tó mú iṣẹ́ náà ti kúrò níbẹ̀, a kò sì mọ ibi tó lọ. Mo rántí pé mo tẹ máàkì rẹ̀. Mo rántí pé mo sun ìwé náà.

Ọ̀gá mi wo ojú ìwé, ó fi bírò tọ́ka sí àyè tó ṣófo. “Àmínátù yìí ńkọ́?”

Mo ní, “Kò wá síbi ìdánwò yẹn, sà.”

Bó ṣe rí nìyẹn. Ẹnu mi kò gbọ̀n. Ẹyin lohùn, wọ́n ní bó bá bọ́ sílẹ̀ kì í ṣeé kó. Èmi kò tilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti kó o.

Ọmọ náà wá sí ojú fèrèsé mi nígbà tí wọ́n lẹ èsì mọ́ ògiri. Ọmọ àwọn oníṣòwò Ìlọrin tó ti pẹ́ ní Lọ́kọ́ja àtijọ́ ni, ọmọ jẹ́jẹ́, ìbòrí funfun ló máa ń lò. Ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, mo ṣe ìdánwò yẹn. Ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn ni mo jókòó sí. Bírò mi tilẹ̀ dá, olùkọ́ fún mi ní tirẹ̀.” Mo ní kí ó lọ kọ ìwé ẹ̀sùn. Ó kọ ọ́. Àwọn ìgbìmọ̀ bi mí, mo tún sọ ohun kan náà.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, bàbá rẹ̀ wá. Alájì, onírùngbọ̀n funfun, ó bọ́ bàtà rẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì bí ẹni tó fẹ́ wọ mọ́ṣáláṣí. Kò pariwo. Ó jókòó síwájú mi, ó ní, “Ẹ̀yin ni ìwé wà lọ́wọ́ yín. Ọmọ mi ní òun wà níbẹ̀, ilé ìwé ní kò sí níbẹ̀. Àwọn kan tilẹ̀ ń sọ fún mi pé ọ̀dọ̀ ọkùnrin kan ló lọ lọ́jọ́ náà. Ẹ wojú Ọlọ́run, ẹ sọ òótọ́ fún mi. Ṣé ó wá, àbí kò wá?”

Àwa méjì péré la wà níbẹ̀. Bí mo bá sọ òótọ́ lọ́jọ́ náà, bóyá wọ́n á lé mi lẹ́nu iṣẹ́, bóyá wọ́n á sì fún ọmọ náà ní ìdánwò mìíràn. Mo ro tìrẹ, Modúpẹ́. Mo sọ fún ara mi pé ọmọ mi ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ilé ìwé ni. Ìwọ ni mo fi ṣe àwáwí.

Mo ní, “Alájì, ìwé kì í purọ́. Kò wá.”

Bàbá náà dìde. Ó ní, “Ẹ ṣeun tí ẹ kò tàn mí jẹ.” Ó wọ bàtà rẹ̀, ó lọ.

Ohun tí mo gbọ́ lẹ́yìn ìyẹn ni pé wọ́n mú Àmínátù kúrò nílé ìwé. Kí ọdún tó yí, wọ́n ti fi í fọ́kọ sí ìlú kan lókè Ọya, ọkùnrin tó ti níyàwó méjì. Ní ọdún kan náà, wọ́n gbé mi ga lẹ́nu iṣẹ́, wọ́n ní mo mọ iṣẹ́ mi.

Nítorí náà, ọmọ mi, gbọ́ ohun tí mo fẹ́ kí o ṣe. Mo fẹ́ kí o tẹ̀ lé e bí mo ṣe tò ó.

Háàdì tó ń dún yẹn, má ṣe tàn án, pa á, tàn án, pa á mọ́. Gbogbo ìgbà tí o bá tàn án, ikú rẹ̀ ló ń sún mọ́. Tàn án lẹ́ẹ̀kan, kí o sì mú ohun tó ṣọ̀wọ́n jù kúrò níbẹ̀ kí o tó ro ohunkóhun mìíràn. Bí ẹnikẹ́ni bá ní òun fẹ́ kó gbogbo inú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà sínú tuntun, sọ fún un pé kó ní sùúrù. Ó lè kú lójú ọ̀nà kó tó dé ibi tó ṣe pàtàkì.

O mọ ohun tó ṣe pàtàkì, àbí o kò mọ̀ ọ́n? Bóyá mi ò sọ ọ́ fún ọ rí. Nígbà tí àìsàn ti gba ọwọ́ ìyá rẹ, tí kò lè kọ nǹkan mọ́, ó máa ń ní kí n gbé láàpùtọ́ọ̀pù náà sórí ìrọ̀rí, kí n tẹ ibi tó ń gba ohùn sílẹ̀, kí n sì jáde. Ó ń bá ọ sọ̀rọ̀. Ó ń bá àwọn ọmọ tí o kò tíì bí sọ̀rọ̀, ní èdè Ìjùmú, ó ní òun kò fẹ́ kí wọ́n gbọ́ Yorùbá ti Ọ̀yọ́ nìkan. Ó ń kọ orin níbẹ̀ pẹ̀lú. Inú fódà tó kọ “Modúpẹ́” sí ni gbogbo rẹ̀ wà. Ó ní kí n má gbọ́ ọ, mi ò sì gbọ́ ọ. Lẹ́yìn tó kú, mo gbìyànjú lẹ́ẹ̀kan. Mo gbọ́ bó ṣe ń mí kó tó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, mo pa á kíá. Kò sí ẹ̀dà rẹ̀ kankan láyé yìí. Ẹ̀bi mi nìyẹn náà, ẹni tó yẹ kó ti kọ́gbọ́n.

Kó fódà yẹn sí fíláàṣì méjì. Lẹ́yìn náà, gbé fíláàṣì náà lọ sí kọ̀ǹpútà mìíràn, kí o ṣí i lọ́kọ̀ọ̀kan, kí o sì gbọ́ bí ó ti ń sọ̀rọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Má sọ pé o ti rí orúkọ wọn lójú ẹ̀rọ kí o sì ní ó tán. Èmi náà rí orúkọ lórí dísíkẹ́ẹ̀tì mi. Mú ọ̀kan wá fún mi sí Lọ́kọ́ja, mà á fi sínú àpótí ibi tí ìwé ilé wà.

Lẹ́yìn ìyẹn ni kí o tó gbé e lọ fún ẹni tó máa fi SSD sí i. Jókòó tì í. Gba háàdì àtijọ́ padà lọ́wọ́ rẹ̀, má fi í sílẹ̀, má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni nu ún. Bí ó bá bi ọ́ léèrè lẹ́ẹ̀mejì bóyá o ti kó nǹkan rẹ pamọ́, dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Kí o má sì rò pé SSD kì í kú. Ó ń kú, kì í sì í dún kí ó tó lọ.

Iṣẹ́ tí o ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà, àkọsílẹ̀ àwọn aláìsàn ni wọ́n fi sí ọ lọ́wọ́. Bí ẹ̀rọ ibẹ̀ náà bá lọ́ra, fi ara dà á títí o ó fi mọ ibi tí orúkọ ẹnì kọ̀ọ̀kan wà. Ní ẹ̀yìn orúkọ kọ̀ọ̀kan tí o bá tẹ̀, èèyàn kan jókòó sórí àga ìgbàlejò.

Ó ku apá kan ìtàn náà, mi ò sì fẹ́ kí o gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn.

Ní ọdún tí ìyá rẹ kú, mo jókòó tì í lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Ó wá ní, “Bàbá Modúpẹ́, ọmọ náà ṣì wà láyé?” Mo ní mo gbọ́ pé ó ti padà sílé bàbá rẹ̀, pé ọkọ rẹ̀ ti kú. Ó ní, “Ẹ lọ. Ẹ má jẹ́ kí n kú kí ẹ tó lọ.”

Mo lọ ní ọjọ́ kejì. Mo bá Àmínátù nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ wọn. Irun rẹ̀ ti ń funfun létí ìbòrí. Kò mọ̀ mí. Mo dárúkọ ilé ẹ̀kọ́, mo dárúkọ ojú fèrèsé, ó wá mọ̀ mí. Mo dọ̀bálẹ̀ sórí sìmẹ́ńtì, èmi àgbàlagbà, mo sọ bí mo ṣe sọ máàkì rẹ̀ nù àti bí mo ṣe purọ́ fún bàbá rẹ̀.

Ó gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí ẹ̀rọ. Ohun tó kọ́kọ́ bi mí ni pé, “Èló ni mo gbà?”

Mo ní mi ò rántí.

“Ẹ tẹ̀ ẹ́ fúnra yín, ẹ ò rántí?”

Mo ní mi ò rántí. Òótọ́ ni, Modúpẹ́. Mo ti wá a nínú orí mi láìmọye ìgbà.

Ó ní, “Bàbá mi kò bá mi jẹun mọ́ láti ọjọ́ yẹn. Ọdún mẹ́sàn-án ló lò kó tó kú. Mo máa ń wálé kí i lọ́dún Iléyá, á gba ìkíni, á wo ibòmíràn.” Kò sunkún. Ó ní, “Èmi mọ̀ pé mo ṣe ìdánwò yẹn, ẹ kò sọ ohun tuntun fún mi. Ẹ dúró kí n pe àwọn ẹ̀gbọ́n mi. Àwọn ni kí ẹ sọ ọ́ fún.”

Àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin méjì wá, mo sì tún un sọ níwájú wọn láti ìbẹ̀rẹ̀. Àbúrò inú àwọn méjèèjì bú mi, ó ní kí n jáde kí òun tó ṣe mí léṣe. Ẹ̀gbọ́n kàn ń wo àbúrò rẹ̀ obìnrin, ó ní, “Àmínátù, èmi ni mo sọ fún Bàbá pé ọ̀dọ̀ ọkùnrin lo lọ.” Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. N kò mọ ohun tí wọ́n sọ lẹ́yìn ìyẹn, nítorí mo ti dìde.

Àmínátù sìn mí dé ẹnu ọ̀nà. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kí ó dárí jì mí. Ó ní, “Mo ti gbọ́ yín, sà. Ẹ má wá mọ́.” Mi ò tíì padà lọ. Mo kọ ìwé sí ilé ẹ̀kọ́ náà, mo sọ ohun tí mo ṣe, mo sì fi ọwọ́ sí i. Wọ́n dá mi lóhùn pé àwọn ti gba ìwé mi. Ìyá rẹ kú ní ọ̀sẹ̀ kejì sí i. Mo ti sọ fún un pé mo lọ. Ó bi mí bóyá wọ́n dárí jì mí, mo ní rárá. Ó ní, “Ó dára tí ẹ kò purọ́ ìyẹn fún mi.”

Ọmọ mi, bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ á bá a. Àwọn àgbà sọ bẹ́ẹ̀, òótọ́ sì ni. Ṣùgbọ́n ohun tí irọ́ náà ti jẹ lójú ọ̀nà, òtítọ́ kì í dá a padà. Mo rí i lójú obìnrin yẹn.

Nítorí náà, tẹ́tí sí èyí tó kẹ́yìn. Ó ṣeé ṣe kí o ṣe gbogbo ohun tí mo tò sílẹ̀ yìí, kí háàdì náà sì kú síbẹ̀ kí o tó rí fódà yẹn ṣí. Ẹ̀rọ ni, ó sì ti dàgbà. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, má wá ọ̀rọ̀ dídùn tí o máa sọ fún mi. Má ní o ṣì ń wá a, má ní ó wà lọ́dọ̀ ẹnìkan. Pè mí lọ́jọ́ náà gan-an, kí o ní, “Bàbá, ohùn Màmá ti lọ.” Mà á sunkún. Ó lè jẹ́ pé mi ò ní lè dá ọ lóhùn fún ìgbà díẹ̀. Má pa fóònù, dúró dè mí.

Kí Ọlọ́run tó mọ gbogbo orúkọ má jẹ́ kí orúkọ ẹnikẹ́ni sọnù mọ́ ọ lọ́wọ́.

Èmi ni bàbá rẹ.